Ibi Tí Ìró Odó Ń Lọ

Bí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìkọ̀lé nípa agbára, iyán ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Èkìtì wo ni kò mọ iyán? Mo máa ń sọ fún wọn pé oòrùn ló ń fún ewé iṣu ní agbára, ewé á kó o fún iṣu nínú ebè, èèyàn á jẹ iṣu, agbára náà á bọ́ sí apá, apá á gbé ọmọ odó sókè, ọmọ odó á balẹ̀ sínú odó. Agbára kì í run, ó kàn ń para dà ni, bí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bi wọ́n pé níbo ló wá gbà lọ lẹ́yìn tí ọmọ odó ti balẹ̀. Wọ́n á ní ó wọ inú iṣu, òun ló sọ ọ́ di iyán. Wọ́n á ní díẹ̀ di ooru. Ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ díẹ̀ á ní díẹ̀ di ìró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo máa ń kọ "ìró" sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú pátákó, màá sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: èyí tó ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, ìwé náà kò sì purọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò gbé Òrin rí.

Òrin ni ilé wa, ìlú àgbẹ̀ nítòsí Ìdó. Bàbá mi ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó sì ní kòkó díẹ̀ lọ́nà oko. Tí àwọn èèyàn bá ti ti oko dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí èéfín ti ń jáde láti ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ti gbé oríṣiríṣi ibòmíràn lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti gbé ibi tí jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kò sí ìró kan tí àárò rẹ̀ ń sọ mí bí ìró ìrọ̀lẹ́ Òrin, nígbà tí odó bá ń dá odó lóhùn.

Odó ìyá mi máa ń yára. Kì, kì, kì, kì, á dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè ṣa kókó kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà ní iwájú ilé wa, tí ọ̀nà pupa kan pín àwa àti òun níyà, tí àwa ọmọdé ń pè ní Màmá Òdìkejì. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé òun àti ìyá mi wọ ilé ọkọ ní àdúgbò yẹn, "ọ̀rẹ́ mi" sì ni wọ́n ń pe ara wọn. Odó tirẹ̀ máa ń fara balẹ̀: gbì, gbì, gbì, bí ẹni tí ohunkóhun kò lé. Ìyá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ọ̀rẹ́ òun tó gún iyán tán, ọbẹ̀ á ti kan. Òun náà á fèsì pé iyán tí wọ́n bá fi ìkánjú gún, kókó ni wọ́n fi ń jẹ.

Àṣà kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí n kò rí níbòmíràn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iyán á dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gún un lẹ́ẹ̀mélòó kan, á tẹ́tí. Bí odó kejì bá ti dáhùn, ó parí nìyẹn, kálukú á máa gún tirẹ̀ lọ. Bí kò bá dáhùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n á rán ọ̀kan nínú àwa ọmọ pé kí a lọ wo kí ló dé. Nígbà mìíràn a óò bá a pé ọbẹ̀ ilá ló wù wọ́n pẹ̀lú ọkà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà mìíràn a óò bá ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ìyá mi á sì fi iyán sílẹ̀ sínú odó, á sọdá. Èmi kórìíra iṣẹ́ yẹn gan-an, nítorí ìgbà tí ebi bá ń pa mí ni wọ́n máa ń rán mi.

Ọjọ́ ń lọ. Bàbá mi kú, ọkọ Màmá Òdìkejì náà tẹ̀ lé e. Àwa ọmọ tú ká: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Adó, èmi ń ṣe olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ Màmá Òdìkejì wà lẹ́yìn odi. Ó wá ku ìyá àgbà kan níhìn-ín, ìyá àgbà kan lọ́hùn-ún, àti odó wọn.

Èjìká ìyá mi tó ń dùn ún ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gúnyán mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbà pé oúnjẹ mìíràn wà láyé. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Òun kò sì ṣàìsàn, kí ló fẹ́ fi oògùn ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Adó, níbi tí ìyàwó òun á ti máa fún un ní gbogbo ohun tó bá fẹ́. Ìyá mi ní ilé tí ọkọ òun kọ́ lòun máa kú sí, òun kò ní í jókòó sí pálọ̀ ẹnikẹ́ni kí òun máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Gbogbo wa mọ̀ pé bí kò bá ti lè dá oúnjẹ rẹ̀ ṣe mọ́, Adó ló ń lọ, ó fẹ́, ó kọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi dáwó jọ ra ẹ̀rọ tó ń gúnyán fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ náà dé bí ẹni tó gbé ìyàwó wọlé. Ó ṣàlàyé bọ́tìnnì rẹ̀, ó ṣàlàyé abẹ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá mi kí ẹ̀rọ náà káàbọ̀, ó béèrè bóyá ó ti jẹun lọ́nà. Iyán àkọ́kọ́ fà bí gọ́ọ̀mù. Ìyá mi jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ojú rẹ̀ sì sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tó yá, ó mọ bí iṣu ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tó kí ó tó dà á sí i, iyán náà sì wá ń dán bí iyán gidi.

Iná ìjọba ni kò jẹ́ kí a gbádùn. Ìgbà tí ó bá wù ú ló ń dé, ìyá mi á wá máa gúnyán ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ nítorí pé iná dé. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í gbà kí nǹkan borí òun, bá gbé sólà sórí òrùlé. Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, mo dúró sí àgbàlá, mo rẹ́rìn-ín títí. Oòrùn tó mú iṣu ta nínú ebè, òun náà ló wọ inú bátìrì tó tún padà wá gún iṣu náà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní oòrùn kú iṣẹ́, kí ó jọ̀ọ́, kí ó bá òun fọ abọ́ pẹ̀lú.

Mi ò ní í bú ẹ̀rọ yẹn. Ó dá èjìká ìyá mi sí, ó sì fi í sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kíṣìnnì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì ló ti ń ṣiṣẹ́, ìró rẹ̀ kò sì kọjá ìkùnsínú. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ gún iyán, Màmá Òdìkejì gún, ó dúró, kò gbọ́ nǹkan. Kò sí ọmọ tí yóò rán mọ́, ó bá tọ ìyá mi wá fúnra rẹ̀, ó fi ọmọ odó ṣe ọ̀pá. Wọ́n fi ẹ̀rọ hàn án, ó yọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tún wá ní ọjọ́ kejì àti lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá mọ́, nítorí ó ti mọ̀ pé bí òdìkejì bá dákẹ́, ẹ̀rọ ni.

Ìgbà òjò ni ibà mú ìyá mi. Fóònù rẹ̀ ti kú, èmi sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí òjò bá rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ láti Ìkọ̀lé, mo gba Ọ̀yẹ́ kọjá, mo sì dé Òrin kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo bá a lórí ibùsùn, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò mọ ọjọ́ tí a wà. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì, ó mọ́ tónítóní, bátìrì sì kún fọ́fọ́. Ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò lè pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, mo kàn ń pariwo ni.

Màmá Òdìkejì ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kò sí ohun tó burú, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò gbọ́ mi.

"Mo gún, mo dúró," ló ń wí. "Mo ṣe bí ẹ̀rọ ni. Mo ṣe bí ẹ̀rọ ni."

Ilé ìwòsàn ní Ìdó gbà á, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ara rẹ̀ yá. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó máa lọ ilé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé mọ́tò dúró, Adó tààrà ló dojú kọ. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ìyá mi ní kí ó kọ́kọ́ gbé òun dé Òrin, kí òun lọ mú aṣọ. Nígbà tí a débẹ̀, kò mú aṣọ kankan. Ó ní kí n lọ gbé odó wá láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn adìyẹ ti sọ ọ́ di ibùwọ̀, kí n fọ̀ ọ́. Ó ní kí n wá ọmọ odó kékeré tí bàbá wa gbẹ́ fún mi nígbà tí mò ń kọ́ bí a ṣe ń gúnyán. Ó se iṣu, ó fi ẹ̀rọ gún un tán pátápátá, ó sì dà á sínú odó.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ni ẹ̀rọ wá wà fún.

"Ẹ̀rọ mọ uyán gún," ni ìyá mi fi ẹnu Èkìtì wa fèsì, "kò mọ èèyàn pè."

Ó gbé ọmọ odó kékeré náà, kò jù ú sókè rárá nítorí èjìká, ó kàn ń jẹ́ kí ó máa jábọ́. Kì, kì, kì. Ó dúró. Àwa náà dúró pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Láti òdìkejì ọ̀nà, a gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì. Ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó béèrè bóyá ọbẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà. Sólà á gún iyán, ìyá mi á fi agbára tó ṣẹ́ kù nínú apá rẹ̀ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tún dé orí ẹ̀kọ́ yẹn ní kíláàsì, mo kọ "ìró" sójú pátákó, mo sì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ọmọ kan ní mi ò tíì kọ èyí tó kù. Mo ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

Ìyá mi kú sínú ilé ọkọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lójú oorun, bó ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ó fi odó pè, wọ́n sì dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, èmi nìkan ló kù nílé láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì ń kan òrùlé. Mo se iṣu díẹ̀ lórí gáàsì, epo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́, nítorí n kò ní okun iyán lára. Ibi tí mo ti ń bu iyọ̀ sí epo ni mo wà tí odó òdìkejì fi bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Ó dákẹ́. Mo rò pé kókó ló ń ṣà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ti lọ. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bo sàréè. Síbẹ̀ ó ń tẹ́tí, òun nìkan nínú ilé yẹn, mo sì rò ó pé lónìí, bí ibà bá mú òun náà, ta ni yóò mọ̀? Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo da iṣu inú abọ́ náà sínú odó, mo wá ọmọ odó kékeré mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè nù ún. Ìró mi kò jọ ti ìyá mi. Ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, ó ń bọ́ sí etí odó. Nígbà tí apá ro mí, mo dúró láti mí.

Ohùn àgbà obìnrin náà dé láti òdìkejì ọ̀nà.

"Ọmọ mi, kókó pọ̀ nínú uyán yẹn. Mò ń gbọ́ ọ láti ulé mi. Má tíì dáwọ́ dúró."

Mo tún gbé ọmọ odó sókè.