Ewé Abẹ̀bẹ̀ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ọkọ̀ òfuurufú kan wà nínú yàrá òkè ní ilé tí a ń gbé lẹ́yìn Ibo Road ní Kano. Kò lè gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Kọ̀ǹpútà ni, ojú gíláàsì mẹ́ta, ọ̀pá ìdarí kan, pátákó ìtẹ̀sẹ̀ méjì, àti àga bọ́ọ̀sì tí mo rà ní Fagge lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù. Ọkùnrin náà bi mí irú bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fi àga náà sí. Mo ní ọkọ̀ òfuurufú ni. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Allah ya kiyaye," bí ẹni tó ń ṣàdúrà fún aláìsàn, ó sì bá mi gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyàwó mi náà kì í jẹ́ kí n gbàgbé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ohùn ńlá kéde fún àwọn èrò tí kò sí níbẹ̀ pé kí wọ́n de bẹ́líìtì wọn, ó ké láti ìdí àtẹ̀gùn:

"Kápútẹ́ẹ̀nì! Bí ẹ bá balẹ̀ tán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá gbé kẹ́ẹ̀gì. Mai ruwa ti já omi sẹ́nu ọ̀nà."

Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe ọkọ̀ inú kọ̀ǹpútà yìí. A tó bíi mẹ́wàá káàkiri ayé, a kò rí ojú ara wa rí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé. Ọkọ̀ àtijọ́ alábẹ̀bẹ̀ méjì ni, irú èyí tó máa ń kó lẹ́tà àti èrò wá sí Kano kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé rí ọkọ̀ náà bó ṣe rí gan-an: kó ṣòro láti dá sílẹ̀, kó máa gbọ̀n, kó sì bàjẹ́ bí a bá ṣì í lò. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní eré, inú wa á bàjẹ́. "Eré kọ́ o," la ó wí, àwa àgbà ọkùnrin tó jókòó nínú ṣòkòtò ìsùn tí a ń fi ẹnu pariwo bí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan nínú wa máa ń dé fìlà páílọ́ọ̀tì wá sí ìpàdé. Mo fi í ṣẹ̀sín púpọ̀, títí mo fi rántí pé èmi tíṣà tí mo gba oyè méjì ní yunifásítì ti kọ ojú ìwé mọ́kànlá lórí bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ṣe máa ń dún bí wọ́n bá pa á dé.

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ni ìṣe ẹ́ńjìnnì náà ní ilẹ̀ Kano, pàápàá nígbà ọyẹ́. Àwọn sìlíńdà ẹ́ńjìnnì yìí jókòó yíká bí àwọn ọmọ tó yí àwo oúnjẹ ká. Bí ọkọ̀ bá sùn fún òru méjì, ọ́ìlì á rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, písítìn á lọ kọ lu ọ́ìlì, ọ́ìlì kì í fún pọ̀, nǹkan mìíràn ló máa ṣẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ irin tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì náà, kí ewé rẹ̀ máa kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, wọn á dúró, wọn á tú u dànù. Ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin, kò gbọ́dọ̀ dín.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí. Bàbá ló ni ilé, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ará Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí i sí. Nígbà èwe rẹ̀, mẹkáníìkì ni ní pápákọ̀ òfuurufú. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ kan lẹ́yìn àlàásárì tó gun òkè wá, tẹ̀sìbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ta ló ń dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ni."

"Mi ò bínú. Àmọ́ kì í jí báyẹn. Ọ̀kan á kọ́kọ́ jí, á húkọ́, èfín á bò ó. Òmíràn á jí, á tún húkọ́. Tìẹ jí pa pọ̀ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu agogo fún."

Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti di ọ̀gá mi. Mo bi í bí ọ́ìlì tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òru méjì ṣe máa ń pọ̀ tó. Ó ní ìwọ̀n igo mínírà kan. Mo kọ igo kan sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lókè òkun ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo dá wọn lóhùn pé "ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ dájúdájú" ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní iyì, wọ́n gbà.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì kan fọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọkọ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn kọ̀wé pé Bàbá kò yí abẹ̀bẹ̀ náà pé. Wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kó lọ máa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn èrò. Ìdí ẹrù ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo yí," ó ní. "Ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà nìyẹn. Ẹ̀rọ rẹ yìí, ṣé ó lè sọ bóyá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yí pé lè fọ́? Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti kú. Èmi nìkan ló kù tó ń wá ìdáhùn."

Ẹni tó ní ọgbọ́n á ní òun kò mọ̀. Èmi tún àga bọ́ọ̀sì mi ṣe, mo jókòó bí adájọ́.

"Bàbá," mo wí, "ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í purọ́."

Mo gbé ọkọ̀ náà sí pápá Kano, àárọ̀ ọyẹ́, òru méjì láìdá a sílẹ̀. Mo yí ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo tú ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ dànù, mo dá a sílẹ̀. Ó húkọ́, ó jí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ṣàlàyé fún Bàbá pé ẹ́ńjìnnì tiwọn ti ní àìsàn mìíràn lára tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Mo retí kó dúpẹ́. Bàbá ní, "Toh," ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo ròyìn fún ìyàwó mi pé mo ti dá arúgbó kan láre lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

"Ẹni tí wọ́n dá láre kọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ báyẹn," ó ní. "Mo dúró nídìí àtẹ̀gùn, mo rí ojú wọn."

Bàbá kò gòkè fún ọjọ́ mẹ́fà. Bí mo bá kí i nísàlẹ̀, á dáhùn, á sì béèrè àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní dárúkọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó ti mọ́sálásí dé, ó gòkè wá nínú agbádá funfun rẹ̀, ó jókòó lórí àga rọ́bà.

"Dán mẹ́ta wò."

"Mẹ́ta kí ni, Bàbá?"

"Ewé mẹ́ta. Má bi mí léèrè. Dán an wò."

Mo yí ewé mẹ́ta, mo dá a sílẹ̀. Ó jí. Èjìká Bàbá wálẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan kò tó, nítorí ọ́ìlì kì í sọ̀ kalẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo; mo dá ọkọ̀ náà padà sí àárọ̀ ọyẹ́, mo tún yí ewé mẹ́ta, mo tún dá a sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ yí díẹ̀, nǹkan kan dún kọ̀, ohun gbogbo dúró. Ọ̀rọ̀ pupa jáde lójú gíláàsì pé ọ̀pá písítìn ti tẹ̀.

Bàbá nawọ́ sí abẹ̀bẹ̀ tó dúró náà.

"Ìró yẹn gan-an ni," ó ní.

Nígbà náà ló wá sọ ọ́. Àwọn lébìrà Hausa méjì ló ń bá a yí i, wọ́n ń kà á sókè: ɗaya, biyu, uku. Bí wọ́n ṣe dé uku, ẹ̀kẹta, ni alàgbà ará Ọ̀fà kan tó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà ń bọ̀ lórí pápá, ẹni tó mú bàbá Bàbá wá sí Kano. Ta ni yóò máa ka ewé abẹ̀bẹ̀ lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bàbá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Alàgbà béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́, ó kí i kú ọyẹ́, ó ṣàdúrà. Bàbá ń ṣe àmín. Nígbà tó dìde, páílọ́ọ̀tì ti ń wo aago, òyìnbó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà bi í pé, "Mai gida, nawa ke nan?"

"Ó fẹ́ mọ iye tí a ti yí," Bàbá wí. "Mo mọ̀ pé kò pé. Àmọ́ ojú tì mí láti padà sí ɗaya lójú gbogbo wọn. Mo ní, 'Goma sha biyar.' Wọ́n wo ara wọn, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni mo ń sọ láti ọjọ́ yẹn."

N kò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yìí kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ sọ igo kan fún mi, mo kọ igo kan. Ká ní ẹ sọ ààbọ̀ igo ni, ì bá má fọ́. Mo lè yí i padà báyìí." Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì.

Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ni pé èmi lo bi léèrè, èmi ni mo dáhùn, kọ̀ǹpútà kàn bá wa fi òǹtẹ̀ lù ú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àti gbogbo ìwé tó o kà?"

"Àti gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Má fọwọ́ kàn án. Igo kan ni. Ọwọ́ mi ni mo fi ń tú u dànù." Ó sún àga rọ́bà rẹ̀ mọ́ mi. "Ṣé ẹ máa ń kọ ìlànà fún àwọn tó máa lò ó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kọ ọ́ síbẹ̀: bí àgbà bá kí ọ lẹ́nu kíkà, dá a lóhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà, padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n máa wo aago."

Mo kọ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bi mí pé ta ló máa wá kí ènìyàn nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ti kọ ojú ìwé méjì láti dá wọn lóhùn, mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ pé ní Kano, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, láàárín epo àti bàtìrì.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àkọ́bí Bàbá wá kí i láti àdúgbò Tarauni. Mo ń gbé omi gòkè, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá ń fi Yorùbá sọ ìtàn ewé abẹ̀bẹ̀ fún un, kò fi alàgbà pamọ́, kò fi òyìnbó pamọ́. Ọmọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ, fi Hausa dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀:

"Kai, Baba! Uku kawai?"

"Uku kawai," Bàbá wí. "Mẹ́ta péré. Gbé àwo yẹn súnmọ́ mi, jẹ́ ká jẹun."