Bàbá Ẹ-Dín-in-kù Ná Ọjà Ọ̀fẹ́

Ọjọ́ tí oògùn HIV di ọ̀fẹ́, gbogbo èèyàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ló ń dúpẹ́, àfi aránṣọ àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ-Dín-in-kù. Ó ń wo ike oògùn mẹ́ta tí Nọ́ọ̀sì kó fún un bí ẹni ń wo aṣọ tó ti ṣá.

"Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá."

"Ó ti wọ́n jù. Ẹ dín in kù!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. "Kí ni kí n dín kù lára ọ̀fẹ́?"

"Èyí tí mò ń gbé mì! Ìkúnwọ́ láàárọ̀, ìkúnwọ́ lálẹ́. Ṣé ọ̀fun kọ́ ni mo fi ń sanwó ẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì mọ ibi tí ọjà níná yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oògùn ṣì jẹ́ ti olówó, Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ jọ lọ bá ọkùnrin tó ń tà á. Ó ní òkèèrè ni wọ́n ti ń dá iye lé e, òun ò lè yọ nǹkan kan. Ó bá wọn kẹ́dùn gan-an. Ẹ̀dùn yẹn nìkan ni kò dá iye lé. Bàbá ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, oògùn ẹnì kan péré lowó rẹ̀ ká. Ìyàwó ní kí ọkọ òun máa lò ó, òun á dúró dìgbà tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀. Ó wálẹ̀ lóòótọ́. Kò bá a láyé.

Nígbà tó yá, oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di hóró kan ṣoṣo lójúmọ́. Ọ̀gá ńlá kan gbé kóòtù wọ̀, ó wá sílé ìwòsàn, ó ń ròyìn akitiyan ìjọba. Bàbá dìde.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Èmi ni mo ná an wálẹ̀. Ẹ bi Nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé ọ̀gá yìí ló ń sanwó oṣù rẹ̀, ní òótọ́ ni.

Àfi bíi pé Bàbá ló ni oògùn látọjọ́ náà. Mẹkáníìkì kan ní ara òun ti yá, ó jáwọ́ nínú oògùn tiẹ̀. Bàbá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Ọjà tí mo ná títí ohùn mi fi há, ìwọ wá ń sọ ọ́ nù!" Àwọn oníbàárà rò pé ọ̀rọ̀ irin mọ́tò ni. Mẹkáníìkì sáré gbé hóró tiẹ̀ mì kó tó di pé Bàbá là á yé wọn.

Ogbó ló mú Bàbá lọ, lórí àga rẹ̀, kì í ṣe kòkòrò kankan. Níbi ìsìnkú, Nọ́ọ̀sì wò yíká. Mẹkáníìkì gbé ọmọ tuntun dání. Gbogbo ẹni tí Bàbá ti bú rí nítorí oògùn ló pé síbẹ̀, ara wọn ń dán. Ẹ̀rín pa á. Kó tó mọ̀, ó ti di ẹkún.

Wọ́n tẹ́ Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀.