Sọ́ọ̀ṣì Tí A Ò Rẹ́ ní Topo

Òórùn símẹ́ńtì tútù àti omi iyọ̀, ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Topo ni mo wà nígbà yẹn, ní òdìkejì ọ̀sà Badagry, à ń kọ́ sọ́ọ̀ṣì kékeré kan fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá gbàdúrà. Èmi ni mo ya àwòrán ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní yíya ilé o, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, nínú yàrá kan tí mo rẹ́ǹtì ní Mowo. Ará Ọ̀yọ́ ni mí, mi ò mọ ẹnì kankan lágbègbè yẹn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ti ilẹ̀kùn, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ilé kọnkéré ìlú òkèèrè. Fádà tó ni iṣẹ́ rí ọ̀kan nínú àwòrán mi, ó fẹ́ràn ẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀.

Ohun tí mo yà, kọnkéré lásán ni. Kò ní fèrèsé, àfi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọọrọ lára ògiri tó kọjú sí òkun, kí oòrùn máa gba ibẹ̀ wọlé. A ò ní rẹ́ ẹ, a ò ní kùn ún. Tí a bá tú pákó tí a fi de kọnkéré kúrò, ojú pákó máa wà lára ògiri bí ilà ojú. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ mọ̀ pé òun nìkan ló wà pẹ̀lú Ọlọ́run. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orí mi.

Baba katikísì, àgbà Ègùn kan tó ń darí àdúrà tí Fádà ò bá sí nílé, ló kọ́kọ́ bi mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ máa rẹ́ ẹ?"

Mo ní, "A ò ní rẹ́ ẹ, Baba. Bó ṣe máa wà nìyẹn."

Ó wo ògiri, ó wò mí. "Níbí o, ilé tí wọn ò bá rẹ́, ẹni tó ni ín ti kú ni, tàbí owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Èwo ló wá ṣe Ọlọ́run nínú méjèèjì?"

Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi Ègùn sọ nǹkan kan síra wọn, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Inú kì í pẹ́ẹ́ bí mi nígbà yẹn, kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo ní wọn ò lajú, mo ní irú ilé tí àwọn kan ń wọ bàálù lọ wò ni mò ń kọ́ fún wọn, tí wọ́n wá ń fi í ṣẹ̀sín. Baba ò bínú. Ó kàn ní àlejò lójú, kò fi ríran. Láti ọjọ́ yẹn, àfi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ. Tí wọ́n bá ń jẹun lábẹ́ àgbọn, èmi á wọnú ilé tí mo yà, màá máa mu gàrí mi. Ibẹ̀ dá páropáro. Mo ní ṣebí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí àwọn olùjọ́sìn kọ́kọ́ dé, mo wọ ẹ̀wù funfun, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ gúnlẹ̀, àwọn ìyá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rósárì lọ́wọ́. Wọ́n wo ilé náà. Ìyá kan ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run á bá yín parí ẹ̀." Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. Ẹnì kankan ò wọlé. Wọn ò bú mi o. Àánú mi ló ṣe wọ́n. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Nígbà tí wọ́n tún máa wá, símẹ́ńtì ni wọ́n gbé wá bí ọrẹ. Ẹlòmíì bu tiẹ̀ sínú abọ́, ẹlòmíì dì í sínú ọ̀rá, wọ́n kó o jọ sínú ilé mi kí n lè rí i parí. Mo pariwo. Mo sọdá lọ bá Fádà ní Badagry, mo ní tí wọ́n bá fọwọ́ kan ògiri yẹn, mò ń lọ nìyẹn.

Fádà ní kí n jókòó. Ó ní, "Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n wọn ò wọ inú ẹ̀. Kí ni kí n wá fi ṣe?"

Mo kó àwòrán mi. Mo lọ.

Morogbo ni mo wà báyìí, mò ń ya ṣọ́ọ̀bù àti ilé onílé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì padà dé Topo. Wọ́n ti rẹ́ ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, bí àwọn ìyá ṣe máa ń rẹ́ ilé alámọ̀. Ibi tí ọwọ́ wọn ga dé ló parí sí. Lókè, ojú pákó mi ṣì wà. Inú ilé kún. Wọ́n jókòó, èjìká kan èjìká, ọmọ ń sùn lórí ẹní, ìmọ́lẹ̀ ihò yẹn bọ́ sórí gèlè ẹnì kan. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá kan sún, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. "Wọlé. Ṣé o ò débí rí ni?"

Mo ní, "Mi ò débí rí, Màmá."

"Jókòó jàre. Àwa la kọ́ ọ."

Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé èmi ni mo yà á. Mo wá jókòó. Ìyá yẹn ò kúkú purọ́. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní Morogbo lálẹ́, mo máa ń rò ó pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo ya ilé yẹn fún, èmi náà sì ni. Lọ́jọ́ yẹn mo wà láàárín wọn títí ọlọ́kọ̀ fi ń pè wá. Orin Ègùn ni wọ́n ń kọ, mi ò mọ ọ̀kankan nínú ẹ̀.