Ìtẹ́ Ẹ̀gà Tí A Fi Èédú Yà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo ẹyẹ bo fèrè àwọn tírélà tó ń lọ já tòmátì ní ọjà Mile 12 mọ́lẹ̀. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ti kún orí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé wa ní Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fa ewé rẹ̀ ya ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń já bọ́ sórí ata tí Mummy sá sóòrùn. Daddy jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, wọ́n wòkè, wọ́n tutọ́.

"Ní Sátidé, agégi á wá gé igi yìí. Ariwo yìí tó gẹ́ẹ́!"

Mo sá tọ Màmá lọ. Ìyá tó bí Daddy ni wọ́n, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àgbàdo ni wọ́n ń sun nídìí ààrò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo ro ẹjọ́ mi, wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Kí ni àwọn ẹyẹ náà tiẹ̀ ń ṣe lórí igi?"

"Ilé ni wọ́n ń kọ́, Màmá."

"Irú ilé wo? Yà á kí n rí i."

Wọ́n fi èédú tútù kan lé mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ya abọ́ kan sórí sìmẹ́ńtì, mo kó ẹyin sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ilé ìwé wa. Màmá wo àwòrán náà, wọ́n wò mí.

"Ọkọ mi, ṣé òkè yẹn ni wọ́n ń gbà wọlé? Bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ igbe àwọn ẹyẹ yìí, àmọ́ n ò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wọn wà. Mo sáré jáde, mo wòkè títí ọrùn fi ń ro mí. Háà!

"Ìsàlẹ̀ ni, Màmá! Abẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé!"

"Irọ́!" Wọ́n ti dìde, wọ́n ń so ìró wọn le. "Èmi náà ò mọ̀ o. Jẹ́ n rí i!"

Bí àwa méjèèjì ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀gà nìyẹn. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, Màmá á gbé àpótí wọn sábẹ́ igi, wọ́n á ya tiwọn, èmi náà á ya tèmi. Ẹyẹ tiwọn máa ń jọ kẹ́tùlù, a sì máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Àmọ́ bí àwòrán wa ò bá ti bára mu, a kì í jiyàn. A ó tún lọ wò ó ni. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé akọ ló ń hun ún, èyí tí ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, tí orí rẹ̀ dúdú. Abo kàn máa ń wá yẹ ilé wò ni.

"Ohun tó ò bá lè yà," Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "o ò tíì rí i. O kàn ń wò ó ni."

Nígbà tó di Sátidé, agégi dé tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀, òórùn bẹntiróòlù gbòde. Mo dì mọ́ igi, mo ń ké. Màmá ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn na èédú sí ọmọ wọn.

"Ya ilé wọn fún mi ná, kó o tó wó o."

"Màámi, nítorí ẹ̀gà lásán?" Daddy rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n lóṣòó, wọ́n yà á. Abọ́ ni! Abọ́ tó la ẹnu sókè, bíi tèmi gẹ́lẹ́.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Daddy! Ẹ wòkè!"

Agégi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, òun náà wòkè. "Ọ̀gá, òótọ́ lọmọ yìí ń sọ o."

Lórí imọ̀ àgbọn kan, akọ kan dorí kodò lábẹ́ ìtẹ́ tuntun, ó ń gbọn ìyẹ́, ó ń ké. Abo kan wá, ó wọlé, ó jáde, ó fò lọ.

"Kò gbà á," ni Daddy sọ, bí ẹni pé àwọn gan-an ni abo náà kọ̀.

Nítòsí ibẹ̀, akọ mìíràn tí ìtẹ́ rẹ̀ ti gbẹ láìrí aya bẹ̀rẹ̀ sí í fa tirẹ̀ ya.

"Ó ń tú u!" Daddy pariwo bí ọmọdé. "Màámi, ẹ wò ó, fúnra rẹ̀ ló ń tú u! Ẹ fún mi ní èédú yẹn!"

A ya àwòrán sílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé títí dé ìdí dúrọ́ọ̀mù omi. Àgbàdo tí Màmá ń sun jóná lórí ààrò, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Wọn ò gé igi náà lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ ti fò lọ ni wọ́n tó gé e, torí ó ti ń fì sórí òrùlé. Mo sunkún, àmọ́ inú mi dùn pé a dúró dè wọ́n.

Màmá ti lọ sinmi. Iṣẹ́ ìwádìí lórí akàn etí ọ̀sà ni mò ń ṣe báyìí, mo sì máa ń yà á kí n tó kọ ohunkóhun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí pé, "Aunty, ṣé fọ́tò ò tó ni?" N kì í bá wọn jiyàn. Màá ní kí wọ́n ti fóònù bọ àpò, kí wọ́n ya ẹsẹ̀ akàn kan ṣoṣo. Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ ẹnì kan á fi dúró. "Ẹ̀ẹ́! Níbo gan-an lẹsẹ̀ yìí ti so mọ́ ara?" Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tún un wò. Ara mi á yá gágá, torí mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là nìyẹn.