Ife Àpòpọ̀ ní Omifunfun

Títí dòní, bí mo bá gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ìlú Ọ̀rẹ̀ ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira ló máa ń padà wá bá mi, pẹ̀lú ìkùukùu àárọ̀ rẹ̀ àti òórùn igi gẹdú tútù. Akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ gẹdú nígbà náà. Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá wa ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, ó fún mi ní ife irin onídèérí tó fi ń po ọtí.

Kúùkù rẹ̀ ló kọ́ mi pé ọtí àpòpọ̀ náà ní ìdílé. Jíìnì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà ni baba. Bu omi sódà sí i, o ti bí ọmọ. Fi oyin rọ́pò ṣúgà, àbúrò baba ló wọlé yẹn. Ìdílé kíkan nìyẹn. Ìdílé kejì kò ní ọsàn rárá, ọtí lé ọtí ni, ìyẹn kì í bá ọmọdé ṣeré. Ògógóró ni mo fi ń rọ́pò jíìnì. Màá ri ìgò sínú ìkòkò omi kó lè tutù, màá sì máa gbọn ife náà nírọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí ẹni tó ń lálàá láìsùn.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi. Aládùúrà ni, ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Imú ló fi ń bá mi dá ẹjọ́ ọtí náà. “Oyin yìí ti pọ̀ jù.” Òótọ́ sì ni.

Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀ ní Omifunfun, kò sì tíì gbà fún mi. Ó ní akọ̀wé tí kò lóko, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ òun? Mo ní màá fi ọgbọ́n ọwọ́ mi wá ojúure rẹ̀. Ẹ wo agbéraga! Mo gbé ife mi lọ sí Omifunfun, mo po ọtí níwájú ẹbí rẹ̀, mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí àṣà, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e fún bàbá.

Bàbá ò nawọ́. “Ọtí tó dára, kí ló dé tí o fi da nǹkan mọ́ ọn?”

“Bàbá, mo ti tọ́ ọ wò níwájú yín.”

“Ẹni tó po nǹkan ló mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ará ilé wa kan tọ́ ọ wò.”

Kò sẹ́ni tó mira. Mo ti gbàgbé pé lójú àgbà, ọtí àdàlú àti májèlé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo mọ̀ pé ìyàwó ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ́ dìde, tòun taṣọ funfun tó wọ̀ ti ilé àdúrà bọ̀. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó mu ún dáadáa.

“Ó dùn, Bàbá.”

Bàbá wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó gba ife náà, ó mu ún kanlẹ̀. “Tún òmíràn pò,” ló wí fún mi.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà sìn mí dójú ọ̀nà, mo bi í bóyá ó dùn lóòótọ́.

“Ó korò bí ewúro. Díẹ̀ ló kù kí n bì.”

Ọmọ aládùúrà! Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ó mutí, ó tún parọ́ fún baba rẹ̀, nítorí tèmi. Ìfẹ́ rẹ̀ kún mi láyà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n yáa máa lọ, ọkọ̀ Ọ̀rẹ̀ ti ń bọ̀.