Ọkọ Màámi Ti Dé

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Áyọ́ọ̀nù. Alágbàfọ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìbínú rẹ̀ ni. Tó bá gbóná, a gbóná dé ibi ìdìmú. Tó bá wá di pé kó tutù, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ lọ jẹun, ẹ sùn, ẹ jí, ẹ padà wá fọwọ́ kàn án: yóò ṣì jó yín.

Oníbàárà tó bá pẹ́ kó tó wá kó aṣọ, á gbọ́ ọ. Èyí tó bá dé kí aṣọ tó gbẹ, á gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ọkùnrin kan gbé ṣòkòtò wá nígbà kan, ó ní òun fẹ́ kí ojú ìlà rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Nígbà tó padà dé, Áyọ́ọ̀nù jù ú sí i láyà, ó ní, "Gbà, máa fi gé ẹran." Síbẹ̀ wọn kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa rìn bí ẹni pé gbogbo ìlú ń wo òun.

Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbúròó òkun ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n etí òkun ni wọ́n bí i sí. Nínú ilé tí wọ́n ti bí i, tí ìgbì bá ru, ẹni tó sùn á gbọ́ ọ lábẹ́ ẹní. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń pè ní Màámi, ló ń tún àwọ̀n tó ya ṣe. Iyọ̀ wà lára ògiri wọn, iyọ̀ wà nínú irun wọn. Ẹni tó bá sunkún nílé yẹn, a kò mọ èyí tó jẹ́ omijé. Nígbà tó dàgbà, ó ní òórùn ẹja ti sú òun, ó bá ìyá kan lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ fífọ̀ níbi tó jìnnà. Ó kọ́ṣẹ́ tán, kò padà. Ìgbà tí bàbá wọn kú ló lọ sílé kẹ́yìn, kí erùpẹ̀ ojú oórì sì tó gbẹ, ó ti wà nídìí tábìlì rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà kan. Tíṣà fúnra rẹ̀ dúró tì í, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé. Fóònù dún kín-ín. Áyọ́ọ̀nù kò mọ̀wé, ó na fóònù sí tíṣà.

"Ẹ bá mi wo ohun tó ń wí."

Tíṣà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò yín ni. Ó ní, 'Ọkọ Màámi ti dé o. Inú wọn dùn jù. Ẹ wá bá wa yọ̀.'"

"Ẹ tún un kà."

Tíṣà tún un kà, ó sì fi tirẹ̀ kún un: "Ẹ kú oríire o. Ìfẹ́ kò mà mọ arúgbó."

Òórùn aṣọ tó ń jó ló dá a lóhùn. Áyọ́ọ̀nù ti gbàgbé iná sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ máa lọ," ó wí, "kí n má baà fi eléyìí tẹ̀ yín lẹ́nu."

Ó pe àbúrò rẹ̀, fóònù kò lọ. Ó tún un pè, obìnrin inú fóònù ní ẹni tó ń pè kò sí níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù bú obìnrin inú fóònù náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ó ti ilẹ̀kùn, ó di ẹrù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ó gba ilé lọ. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń bá ọkùnrin tí kò tíì rí jà. Ó bi í ní ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó bi í bóyá kò sí obìnrin mọ́ láyé ni. Ẹni tó jókòó tì í rọra sún kúrò, nítorí ètè obìnrin náà ń mì, kò sì sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ó dé ìlú wọn, ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan tó wù ú. Wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà, yanrìn sì ti tún bò ó. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ fún sáà díẹ̀, òkun ti jẹ ẹ́ lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ nìkan ló kù, ó kọjú sí òfìfo. Páànù gbogbo ilé ti jẹ bí etí ajá tó ti jà jù. Ní ìkóríta, obìnrin kan tó ń ta okùn àti ìwọ̀ ẹja nawọ́ sí i.

"Ṣé ìwọ kọ́ nìyí? Ọmọ aláwọ̀n! O mà sanra o. Ibi tí o wà gbà ọ́."

"Ẹ kú ọjà, mà. Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́ nípa Màámi?"

"Òótọ́ pọ́ńbélé! Ó ti dé o! Gbogbo wa la ti lọ wò ó. Ó ti gbó díẹ̀ níbi ìdí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le koko. Màámi fọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́, wọ́n fi òróró pa gbogbo ara rẹ̀. Lánàá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sùn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ àwọn mọ́."

Etí Áyọ́ọ̀nù kò gba gbogbo rẹ̀. Ohun kan ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀: "ó" ni obìnrin yìí ń wí. Kò wí pé "wọ́n ti dé," kò wí pé "ara wọn ṣì le." Ọkọ ìyá arúgbó, ẹni tó yẹ kí gbogbo ìlú máa kúnlẹ̀ kí, "ó" lásán ni wọ́n ń pè é ní gbangba ọjà! Á jẹ́ pé ọmọdé ni. Ọmọ ọlọ́mọ ni Màámi lọ fẹ́!

"Ọmọ ọdún mélòó ni?" ó bèèrè.

Olókùn rò ó wò. "Ẹgbẹ́ rẹ ni. Kò lè jù ọ́ lọ."

Ó parí. Ẹnikẹ́ni tó bá pàdé Áyọ́ọ̀nù láàárín ìkóríta yẹn sí ilé wọn, kó dúpẹ́ pé kò kí i.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré, nítorí atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn iwájú ṣí dáadáa. Màámi jókòó sórí àpótí nínú pálọ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, àwọ̀n wà lórí itan wọn. Wọ́n ti gbẹ. Ọrùn wọn ti di okùn. Àbúrò rẹ̀ fò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ti dé? Mo mọ̀ pé ẹ máa wá!"

"Níbo ló wà?"

Màámi gbé ojú sókè. "Ẹni tó bá wọlé a máa kí èèyàn."

"Màámi, níbo ló wà? Ẹ pè é wọlé kí n rí i."

"Ó wà níwájú ilé. Ṣé o rò pé ó lè gba ẹnu ilẹ̀kùn yìí wọlé ni?"

"Ṣé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Àwọn géńdé ló gbé e débí, gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ."

"Wọ́n gbé e? Kò lẹ́sẹ̀ ni?" Ibẹ̀ ni omi gbígbóná ti dà kúrò nínú ìkòkò. "Màámi, ẹ ò tijú! Ẹgbẹ́ mi! Ẹni tí ẹ lè bí! Orí ẹní tí bàbá mi kú sí lẹ tún gbé ọkùnrin mìíràn lé? Ẹ ń fi òróró pa á lójú gbogbo ayé, àwọn olókùn ń ròyìn ìdí rẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà! Ṣé irú ọkọ tí ìyá ń fẹ́ nìyí?"

Àbúrò rẹ̀ di ikùn mú, ó jókòó pẹ̀lẹ́bẹ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò lóhùn.

"Ọkọ̀ ni! Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀! Ọkọ̀ Bàbá ló dé! Ta ló kà á fún yín?"

"Tíṣà ni."

"Ẹ gbà mí o! Fóònù mi ò mọ àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀ kẹ̀!"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà tí bàbá wọn kú, àbúrò bàbá náà wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí èbúté tirẹ̀, ó ní obìnrin kì í ní ọkọ̀, kí Màámi gbájú mọ́ àwọ̀n. Màámi kò jà, kò pariwo. Wọ́n gbé àwọ̀n tí wọ́n ń tún ṣe, wọ́n lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà. Kí àwọn apẹja tó jí, wọ́n ti wà níbẹ̀. Ta ló máa ti arúgbó lọ sójú òkun? Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ń padà lọ lójoojúmọ́ títí àwọn apẹja fi bínú sí ìwà àbúrò bàbá náà, ọ̀gá wọn, tí àwọn àgbà èbúté fi pè é pé ojú ń ti àwọn, kó dá ọkọ̀ aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Ọkọ̀ yẹn ló dé.

Áyọ́ọ̀nù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti dé etí ẹnu rẹ̀ nígbà tó wo ojú Màámi. Màámi kò rẹ́rìn-ín.

Ó fẹ́ jókòó.

"Má jókòó," Màámi wí. "Ó ti yé ọ pé ọkọ̀ ni. Ó dáa. Ó ku èmi. Tó bá jẹ́ ọkọ ni ńkọ́?"

"Màámi, mo rò pé…"

"Mo ní tó bá jẹ́ ọkọ ni ńkọ́? Ṣé ìwọ lo ń bá mi fọ ẹ̀yìn ni? Àbí ìwọ lo ń dá mi lóhùn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní àárọ̀?"

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń jìyà tó báyìí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi!"

Ẹ̀rín kúrò lójú àbúrò. "Mo pè yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ tí òjò pa wọ́n nínú ọkọ̀, tí mo rò pé wọn ò ní jí. Ẹ ní aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní igi lásán ni, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó gbà á."

"Aṣọ ọ̀hún dà lónìí?" Màámi wí. Wọn kò gbé ohùn sókè; bí ẹni ń fa okùn wọlé díẹ̀díẹ̀ ni. "Ta lo fi í sílẹ̀ fún? Wọ́n gba ohun tí mo ní, o ò bínú. Òjò pa mí, o ò bínú. Ọjọ́ tí o gbọ́ pé inú mi dùn, ọjọ́ náà lo bínú wá sílé. Ẹni tó tìtorí ọkọ wá, kò sí ọkọ níbí. Gbé ẹrù rẹ, kí o máa lọ."

Áyọ́ọ̀nù gbé ẹrù rẹ̀, ó jáde. Inú ń bí i sí tíṣà, inú ń bí i sí olókùn, inú ń bí i sí àbúrò rẹ̀ tó kọ ọ̀rọ̀ láìlámì. Ìbínú náà kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ṣí fún un. Ó padà wá bá ẹni tó ni ín. Ta ló sọ pé igi lásán ni? Ẹnu ta ni?

Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé lórí yanrìn, ó dúdú, ó ń dán. Omi ti ń kún. Àwọn aládùúgbò ti ń péjọ láti tì í sójú omi. Màámi jáde, wọ́n ń pín ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún wọn: "Ìwọ, dúró níwájú. Ẹ̀yin méjì, ẹ̀yìn. Àbúrò, ibí." Wọ́n pín in dé orí olókùn, tí kò tilẹ̀ lágbára. Wọn kò wo ibi tí Áyọ́ọ̀nù wà.

Ó ju ẹrù sílẹ̀, ó wọ àárín wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti igi náà.

"Yọ ọwọ́ rẹ kúrò lára ọkọ̀ mi," Màámi wí.

"N ò yọ ọ́."

"Mo ní kí o máa lọ."

"N ò lọ. Ẹ máa bínú sí mi, Màámi, ṣùgbọ́n ẹ máa bínú sí mi lójú mi. Ẹ má bínú sí mi lẹ́yìn mi mọ́."

"Màá bínú o. Ìbínú mi á pẹ́. Ibo lo rò pé o ti rí tìẹ?"

"Kó pẹ́. Mo wà ńbí."

Olókùn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbì kan gun yanrìn wá, ó fọ imú ọkọ̀, ó fà sẹ́yìn. Màámi wo àkọ́bí wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú wọn kò rọ̀ rárá.

"Tì í nígbà náà," wọ́n wí. "Àbí ẹnu lo fẹ́ fi tì í ni?"

Áyọ́ọ̀nù fi èjìká tì í. Ọkọ̀ ké nínú yanrìn, ó sún.