Èkùrọ́ Orí Tábìlì Káńsù

Bí ẹ bá bi mí ní orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbé agbolé wa nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó, mo lè pè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Orí mi ṣì pé, bí orúnkún mi kò tilẹ̀ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ kankan síbí. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Ẹni tó sì mú kí n gbé gègé, kò tíì pẹ́ tí a sin ín, ẹnu mi kò tíì lè pe orúkọ rẹ̀ kí omi má bọ́ lójú mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.

Abúlé wa kò jìnnà sí Akínyẹlé. Tíṣà ilé-ìwé ìjọ ni ọkọ mi, ìyá rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ àgbẹ̀, ti já bọ́ lórí ọ̀pẹ kí n tó wọlé, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti lọ sílé ọkọ mìíràn. Ọmọ yìí ló bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo fún un ní tèmi. Òpéléńgẹ́ ni mò ń pè é, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Òun náà kò pè mí ní ohun mìíràn ju “Ìyàwó wa” lọ. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Mélòó? Ẹ óò rí ìdí tí n kò fi ní sọ.

Òpéléńgẹ́ mọ̀wé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti jáde níbẹ̀, ilé-ìwé mọ́dà ló kàn, mọ́dà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó oṣù tíṣà, ìjọba ti ń yọ owó orí nínú rẹ̀ kó tó kan tíṣà lọ́wọ́. Òfin kan wá wà fún àwọn olówó oṣù, tí àwọn àgbẹ̀ kò ní irú rẹ̀: bí o bá ń tọ́ ọmọ, ìjọba á dín owó orí rẹ kù nítorí wọn. Bí ọmọ òkú ẹbí bá sì wà lọ́rùn rẹ, wọ́n lè rò ó mọ́ ọn. Ọkọ mi sọ fún mi pé bí wọ́n bá dín tòun, ohun tó bá ṣẹ́kù ni Òpéléńgẹ́ yóò fi wọ mọ́dà. Bí wọn kò bá dín in, ọmọ náà yóò lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Adégbàyí, kó máa kiri ẹ̀kọ ní ìkòríta. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ó ti kọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí káńsù. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń fi ọmọ aládùúgbò kún tiwọn, káńsù wá ń rán àkódá kiri láti fojú rí àwọn ọmọ nílé.

Lọ́jọ́ tí ó kàn wá, odò ni mo lọ. Bí mo ti gbé omi dé, mo bá ìyá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, àbígbẹ̀yìn mi wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, o kò bá àlejò wa.”

“Àlejò wo, Ìyá?”

“Àkódá káńsù. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá, ó dé fìlà pupa bí àkùkọ. Ó ní, ‘Ìyá, ọmọ mélòó ni tíṣà ń tọ́ nílé yìí?’ Mo ní, ‘Mélòó? Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni?’”

“Ẹ wá sọ fún un?”

“Èmi kẹ̀? Mo ní èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí nìkan ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹlòmíràn, ṣebí àwọn yòókù wà ní ilé-ìwé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ti rán an lọ!”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Garawa omi ṣì wà lórí mi, n kò rántí sọ̀ ọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ lásán ni. Lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà kan tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, àlejò kan bi wọ́n ní iye ọmọ wọn, inú wọn dùn, wọ́n sì fi ìka kà wọ́n fún un. “Kí iṣu tuntun tó dé,” ni wọ́n wí, “ìka mi ti ju ọmọ lọ.” Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, wọn kì í ka abọ́. Ojú ọmọ ni wọ́n máa ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọmọ tí wọ́n gbàgbé rí.

Nígbà tí ọkọ mi ti káńsù dé, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Kò pariwo.

“Ìyá, wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Wọ́n ní òpùrọ́ ni mí.”

“Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ṣé ẹnu wọn ló ń bọ́ ọ ni?”

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa jìyà rẹ̀, Ìyá. Kò ní lè wọ mọ́dà mọ́.”

Ó wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Òpéléńgẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò gbórí sókè. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ má dààmú ara yín. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀kọ,” ó sì fi ohùn tín-ín-rín kígbe, “Ẹ̀kọ tútù rèé o! Ẹ wá fi jẹ àkàrà o!” Àwọn ọmọ kéékèèké bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ọmọ náà títí, wọ́n sì wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò ń ná ọ̀nà wa, wọ́n ní kí n wẹ gbogbo ọmọ, kí n wọ aṣọ ìsinmi fún wọn. Káńsù ni a gbà lọ. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá ọkọ mi kò jókòó. Wọ́n lọ bá akọ̀wé owó orí nídìí tábìlì, wọ́n tú ìṣẹ́tí aṣọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èkùrọ́ jáde. Bí ọmọ kan bá kọjá, wọ́n á fi èkùrọ́ kan lélẹ̀.

“Akọ̀wé, ọmọ mi, èyí ni kí o kà. Èkùrọ́ ni o óò kà, o kò ní ka ọmọ mi.”

Ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ní, “Ìyá, ṣé àdín lẹ fẹ́ fi san owó orí ni?” Èrò rẹ́rìn-ín.

“Bí o bá rí tìrẹ ṣà, ìwọ náà kó o wá,” ni wọ́n dá a lóhùn.

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ fún àkódá wa pé ọ̀kan ni.”

“Lọ́jọ́ yẹn, àlejò ló wá bi mí. Lónìí, èmi ni mo wá.”

“Èyí tó ga yìí ńkọ́? Tíṣà kọ́ ni bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dà?”

Ìyá ọkọ mi di tábìlì mú. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, bí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn yẹn bá délẹ̀, “ó lọ sóko” ni wọ́n máa ń wí.

“Ó ti kú,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi ni. Ó kú.”

Akọ̀wé rọra ka èkùrọ́, kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. N kò lè bá a jà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí i pé èkùrọ́ àti ọmọ dọ́gba, ó sì dìde, ó ń fi gègé tọ́ka sí àwọn ọmọ, láti orí Òpéléńgẹ́ títí dé èyí tó wà lẹ́yìn mi. Ìyá ọkọ mi dijú.

Káńsù gbà á. Wọ́n dín owó orí ọkọ mi kù, Òpéléńgẹ́ sì wọ mọ́dà. Ó fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó sá a sórí okùn, ó jókòó tì í títí ó fi gbẹ kí ewúrẹ́ má baà fà á.

Ọyẹ́ ọdún yẹn kan náà ni èèyi wọ abúlé wa. Ó mú àbígbẹ̀yìn mi lọ, èyí tó wà lẹ́yìn ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ tí àkódá wá. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ọkọ mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé kì í ṣe kíkà, pé èèyi pa ọmọ ní àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti ka ọmọ rí. Wọ́n ní, “Mo gbọ́.” Ṣùgbọ́n wọn kò pọn ọmọ kankan mọ́ títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí ọdún yípo, káńsù tún fi ìwé ránṣẹ́ pé kí tíṣà kọ iye ọmọ tó ń tọ́. Ọkọ mi tẹ́ ẹ síwájú, gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá, wọ́n gbé èkùrọ́ wọ̀nyẹn jáde nínú àkísà tí wọ́n dì wọ́n sí, wọ́n dà wọ́n síwájú rẹ̀.

“Kà á.”

Ó kà á. “Ìyá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbí.”

“Mo mọ̀. Ọwọ́ mi kò lè yọ ọ́.”

Ọwọ́ tirẹ̀ náà kò lè yọ ọ́. Èmi ni mo bí i. Mo na ọwọ́, mo mú ọ̀kan kúrò, mo sì dì í mú títí ó fi móoru lọ́wọ́ mi. Òpéléńgẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó yọ àpò ìwé rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ tì mí, kò sì lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èmi ni mo lé e lọ. Mo ní, “Máa lọ. O kò gbọdọ̀ pa á jẹ ní ọjọ́ kan mọ́.”

Kò sì pa á jẹ mọ́. Ó di tíṣà. Títí irun rẹ̀ fi funfun, “Ìyàwó wa” ló ń pè mí, kò sì sí ọdún kan tí kò wá wò mí.

Nígbà tí a fẹ́ sin ín, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣètò ìwé ìsìnkú wá bá mi. “Màmá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ mélòó ni ká kọ pé wọ́n fi sílẹ̀?” Mo ní kí wọ́n lọ wá èkùrọ́ wá fún mi. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n rò pé ogbó ló ń ṣe mí. Mo ní kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé ó fi ọmọ sílẹ̀.

Gbogbo wọn péjọ sí àgbàlá lọ́jọ́ náà, wọ́n ń jẹun. Mo jókòó sórí àga, mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ọkọ mi ti máa ń ṣe. Ojú kan ni mo ń wá, n kò rí i.